Táǹkì ẹja lítà 60, omi bọ́hòlù, iná tí kì í dúró: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹjawẹ́wẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo ní táǹkì gíláàsì kan nílẹ̀: gígùn rẹ̀ 60 cm, fífẹ̀ 30 cm, gíga 36 cm. Gíláàsì 5 mm ni wọ́n gé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́. Èkó ni mo wà. Omi bọ́hòlù là ń lò. Ó máa ń mọ́ gaara bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti pọ́n bí omi inú agolo tó dípẹtà. Iná ìjọba ò ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, kò sì ní àkókò kan pàtó. Ẹja tí mo ní lọ́kàn ni goldfish 2, guppy 6, neon 4, àti àrọ̀ kékeré kan tí yóò máa jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ da omi sí i lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n kó ẹja wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni mo gbàgbé?

BàbáKànìnkànìn

Sátidé wo? Bóyá Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé táǹkì kalẹ̀ dáadáa ná. Bó o bá ṣírò 60 × 30 × 36, á fún ọ ní nǹkan bíi lítà 65, ṣùgbọ́n yanrìn 5 cm nísàlẹ̀ àti àlàfo 3 cm lókè á jẹ nínú rẹ̀. Omi tó máa wà níbẹ̀ gan-an ò ju lítà 50 lọ. 50 yìí ni kó o máa fi wọn oògùn àti iyọ̀, òun náà ni kó o fi ka ẹja. Omi kílò 50, yanrìn bíi kílò 14, gíláàsì bíi kílò 10: ó lé ní kílò 70. Bí ìgbà tí àgbàlagbà kan jókòó sórí tábìlì tí kò sì ní dìde mọ́ ni. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n onípákó fúyẹ́ á tẹ̀ láàárín, gíláàsì ìsàlẹ̀ á sì sán. Irin tí wẹ́dà jó ló dáa jù, tàbí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú pákó tó nípọn. Tẹ́ fóòmù funfun líle sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di fíríìjì sínú páálí, kó nípọn tó 1 cm. Hóró yanrìn kan ṣoṣo tó há sábẹ́ gíláàsì tó láti dá a sí méjì.

Má gbé e sí ojú fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán á se ẹja, á sì sọ omi di ọbẹ̀dò.

Sílíkónì ńkọ́? Èyí tó ń rùn bíi fínígà nígbà tí kò tíì gbẹ ni a ń lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀, tí wọ́n fi oògùn apèéhù sí, á pa ẹja náà. Bi ẹni tó lẹ̀ ẹ́ léèrè kó o tó da omi sí i. Bó o bá ti mọ̀ pé kò sí oògùn nínú rẹ̀, gbé táǹkì síta, tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kún un fún omi fún wákàtí 24. Ibi tí ìwé bá ti rin, ibẹ̀ ló ń jò.

Ní ti ẹja tó o kà sílẹ̀:

Goldfish, yọ ọ́ kúrò. Goldfish lásán máa ń gùn ju 20 cm lọ, omi tútù ló fẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Méjì nínú lítà 50, ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ ni.

Àrọ̀, má dán an wò. Ẹja tó lè gùn ju mítà kan lọ ni. Guppy rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa fi jẹun alẹ́. Àti pé kò sí ẹja tó ń jẹ ìgbẹ́ ẹja. Ọwọ́ rẹ àti rọ́bà ni ìmọ́tótó ìsàlẹ̀ táǹkì.

Neon fẹ́ omi tó wà láàárín 22 sí 26°C. Omi inú yàrá l'Ékòó máa ń tó 29 tàbí 30. Cardinal, tó jọ ọ́ gan-an, gba ooru yẹn mọ́ra.

OmiTòrò

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú.

Àwọ̀ ìpẹtà tí ẹ rí yẹn, irin tó yọ́ sínú omi ni. Lábẹ́ ilẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́, kò sì ní àwọ̀. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́ ló ń dì, tó ń pọ́n. Tó bá jẹ́ inú táǹkì ló ti dì, á lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí, á sì dí kànìnkànìn fílítà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó dì síta. Ẹ pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún wákàtí 24, ẹ jẹ́ kó tòrò fún wákàtí 12 sí i, kí ẹ wá fara balẹ̀ bu ti òkè gba inú aṣọ funfun tó nípọn. Kí ẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ dúró síbẹ̀.

Èkejì ni kíkan omi. Ọ̀pọ̀ omi bọ́hòlù Èkó ló kan, pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan omi: 7 ni àárín, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i) lè wà láàárín 5 sí 6, kì í sì í ní ohun tó máa di pH náà mú, èyí tí a ń pè ní KH. Ẹ wọn ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi afẹ́fẹ́ sí i, kì í ṣe kí ẹ tó fi sí i, torí kábọ́ọ̀nù-dàóksáìdì tó wà nínú omi tuntun á ti jáde, pH á sì ti gòkè díẹ̀. Bí KH bá ṣì wà ní 0 tàbí 1, bákìń sódà ṣíbí tíì kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú, bíi gíráàmù 5, nínú lítà 50, á gbé KH sókè ní bíi ìwọ̀n 3. Ẹ yọ́ ọ nínú ife kí ẹ tó dà á sí i. Èyí tó máa tọ́jọ́ ni karawun ìgbín: ẹ sè é, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ gbé e sí ibi tí omi ti ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́.

Ẹni tó bá da omi bọ́hòlù kíkan sí táǹkì láìtún un ṣe, ẹja nìkan kọ́ ló ń fìyà jẹ. Bakitéríà tó yẹ kó máa wẹ omi náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí pH bá ti lọ sísàlẹ̀ 6.

Ẹjawẹ́wẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ goldfish àti àrọ̀ kúrò. Ìbéèrè méjì: ṣé mi ò kàn lè ra píọ́ wọ́tà, kí n tú u sí i? Èkejì, fílítà tí wọ́n tà fún mi jẹ́ oníná tó ń rì sínú omi. Ṣé ó dáa?

OmiTòrò

Àpò kan jẹ́ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 cl, ìyẹn lítà 10. Àpò márùn-ún á kún un. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú omi náà mọ́, KH rẹ̀ sì lè jẹ́ òdo. Ẹ ó ṣì lo sódà àti karawun náà ni, owó nìkan ló máa yàtọ̀. Omi òjò náà dà bẹ́ẹ̀, ẹ má sì gbe èyí tó ti orí páànù dípẹtà ṣàn wá. Zinc inú rẹ̀ kò ṣe é fojú kéré fún ẹja.

BàbáKànìnkànìn

Fílítà yẹn kò burú níbi tí iná wà ní gbogbo ìgbà. Fún wákàtí 8 lójúmọ́, tọ́jú rẹ̀ tàbí kó o tà á.

Fílítà kànìnkànìn ni kó o rà, méjì, tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fà. Pọ́ǹpù náà kì í jẹ ju wáàtì 3 tàbí 4 lọ. Ra irú èyí tó ní bátìrì nínú, tó ń tan ara rẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ. Wo ohun tí wọ́n kọ sí i nípa iye wákàtí tí bátìrì ń lò, kó o sì ka ìdajì rẹ̀ sí òótọ́. Ìdí tí mo fi ní kó o ra méjì ni pé ìgbà tó o bá ń fọ ọ̀kan, èkejì á ṣì ní bakitéríà tirẹ̀ lára. Omi táǹkì tó o bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó o fi fọ̀ ọ́, rún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ó tó. Bó o bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, o ti padà sí ọjọ́ kìíní nìyẹn.

Kí ló dé tí kànìnkànìn fi borí fílítà tó wà nínú agolo? Nínú agolo tó dé pa, bí iná bá lọ, bakitéríà á mí afẹ́fẹ́ inú omi díẹ̀ yẹn tán láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iná á dé, pọ́ǹpù á sì tú gbogbo ìdọ̀tí òórùn yẹn lé ẹja lórí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú u, kó da omi inú rẹ̀ nù, kó tó tún un tàn. Kànìnkànìn wà ní gbangba nínú omi, ó ń rí afẹ́fẹ́ mí díẹ̀díẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tí kò wọ́n rárá: check valve. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kì í jẹ́ kí omi padà. Bí pọ́ǹpù bá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ tí iná sì lọ, omi á gba inú rọ́bà padà wọ inú pọ́ǹpù, á sì máa ṣàn sílẹ̀. Fi í sí rọ́bà náà nítòsí pọ́ǹpù. Fẹ́nu fẹ́ ẹ kó o mọ apá tó ń gbà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sódì, wọ́n á wá ní pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́.

Bí iná bá ti lọ tí bátìrì sì ti tán, má fún ẹja lóúnjẹ. Omi 30°C kò lè gba ju bíi mílígíráàmù 7.5 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú lítà kan. Ẹja tó yó ń lò ó ju ẹja tí ebi ń pa lọ.

Òṣíbàtà_Ìbàdàn

Ẹ ò tíì mẹ́nu kan ewéko o, òun sì ni fílítà tí kì í lo iná.

Yanrìn odò ni kí ẹ rà, hóró rẹ̀ 1 sí 2 mm. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ó lè gbà yín ní bọ́kẹ́ẹ̀tì 10. Ẹ kán fínígà sí ẹ̀kúnwọ́ kan: bó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, á máa gbé pH sókè láìdúró. Òkúta gíránáìtì tí wọ́n fi ń kọ́lé dára, ẹ ṣáà fọ eruku rẹ̀ kúrò.

Anubias ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ewéko odò ilẹ̀ Áfíríkà lápá ibi tiwa yìí ni, kò bèèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹja kì í sì í jẹ ẹ́. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Ẹ má bo igi rẹ̀ tó nà sílẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹrà. Gbòǹgbò tín-ín-rín nìkan ló lè wọ yanrìn.

Lójú omi, ojú oró. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Nínú táǹkì kékeré, àlékè rẹ̀ á pọ̀ jù bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ. Ó ń fa amóníà àti náítíréètì tó ń jáde látinú ìdọ̀tí ẹja, ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ọmọ ẹja á sì rí gbòǹgbò rẹ̀ sá sí. Mẹ́ta péré ni kí ẹ mú. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọlé, torí ìgbín kéékèèké, eégbọn omi àti ọmọ lámilámi tó ń pa ẹja máa ń bá a wá. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kó èyí tó bá ti bo ju ìdajì ojú omi lọ dànù. Ẹ má jù ú sí gọ́tà tàbí odò. Ẹ sin ín tàbí kí ẹ sá a gbẹ.

Ìmọ́lẹ̀: gílóòbù LED funfun wáàtì 9 tó, wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Bí omi bá ti ń ní àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Yáraṣe

Gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí wá ńkọ́? Bakitéríà inú ìgò wà lọ́jà. Dà á sí i, kó ẹja sí i lọ́jọ́ kan náà, ó parí.

BàbáKànìnkànìn

Ìgò tó ti jókòó nínú ooru ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó? Bó bá ṣì ní ẹ̀mí, ó lè dín ọjọ́ kù. Kò sọ pé kó o má wọn omi.

Ẹjawẹ́wẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹja ń yọ amóníà láti ibi tó fi ń mí àti nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó jẹrà náà ń yọ ọ́. Bakitéríà àkọ́kọ́ ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ń pa ẹja. Èkejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà títí o fi máa pààrọ̀ omi. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ò sí nínú táǹkì tuntun, èkejì sì máa ń pẹ́ dé ju àkọ́kọ́ lọ. Omi kò ní yí padà lójú rẹ. Gaara ló máa mọ́ tí ẹja fi máa kú sínú rẹ̀.

Fi edé tútù kan tó tó orí àtàǹpàkò sínú àpò àwọ̀n, so ó kọ́ sínú omi kó jẹrà síbẹ̀, kí bakitéríà lè rí amóníà jẹ. Ra ohun ìdánwò olómi tí a ń kán, fún amóníà, náítíráìtì, náítíréètì àti pH. Wọn ọ́n lọ́jọ́ méjìméjì. Bí amóníà bá ti tó 2 mg nínú lítà, yọ edé. Má jẹ́ kó kọjá 5. Ó ń dá bakitéríà dúró. Bó bá ti wálẹ̀, fún oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i, kí bakitéríà má bàa pebi. Ọjọ́ tí amóníà 2 bá di òdo láàárín wákàtí 24, tí náítíráìtì náà sì jẹ́ òdo, pààrọ̀ omi tó tó lítà 30, kó o wá ra ẹja. Bó o bá mọ ẹnì kan tí táǹkì rẹ̀ ti dàgbà tí ẹja rẹ̀ ò sì ṣàìsàn, bẹ̀ ẹ́ kó rún kànìnkànìn rẹ̀ sínú táǹkì rẹ. Ìyẹn borí gbogbo ìgò.

Omi lè funfun bí omi ògì ní ọjọ́ kẹta. Fi í sílẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀.

ỌmọÈkó_London

Fún àwa tá a wà lọ́hùn-ún: ẹ má gbà pé omi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ mọ́jú ti dáa. Kilorínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ń fò lọ, kilorámíìnì tí wọ́n ń lò bíi tirẹ̀ kì í fò, òun ló sì wà nínú omi ọ̀pọ̀ àdúgbò London. Ẹ lo oògùn omi tí wọ́n kọ sí i pé ó ń mú kilorámíìnì. Omi ibí le, KH rẹ̀ ga, nítorí náà sódà àti karawun ìgbín kò kàn wá. Guppy fẹ́ràn rẹ̀. Híítà wáàtì 50 tó fún lítà 50 nínú yàrá tí kò tutù púpọ̀.

Ẹjawẹ́wẹ́

Mo ti so edé. Kí n wá máa ronú ẹja: kí ni ẹ máa fi síbẹ̀ bó bá jẹ́ tiyín?

ỌmọOdò

Ẹja ilẹ̀ wa. Ó ń yà mí lẹ́nu pé à ń wá neon láti ìhà kejì ayé, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń fi owó wá ẹja odò wa.

Àkọ́kọ́ ni kribensis, Pelvicachromis pulcher, ẹja gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù. Akọ lè tó 10 cm, abo tó bíi 7 cm, ikùn abo á sì pọ́n bí ìgbà tí wọ́n kun osùn sí i bó bá fẹ́ yé. Tọkọtaya kan péré fún táǹkì yìí. Fi ìṣaasùn amọ̀ kékeré tó ti fọ́, tí wọn kò fi ohun dídán kun, dojú dé sórí yanrìn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ 4 cm. Èèpo àgbọn tí a sè náà dára. Wọ́n á yé sínú òrùlé ihò náà. Ẹyin á pa ní bíi ọjọ́ 3, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà náà ni àwọn òbí ń lé gbogbo ẹja tó bá súnmọ́ ìsàlẹ̀. Ẹja tó ń gbé àárín tàbí òkè omi nìkan ni kó o fi tì wọ́n, bíi cardinal 6. Omi kíkan máa ń mú kí akọ pọ̀ ju abo lọ nínú ọmọ wọn.

Èkejì ni Fundulopanchax gardneri, bíi 6 cm, àwọ̀ ojú ọ̀run pẹ̀lú àmì pupa lára akọ. Ìran rẹ̀ kan ń jẹ́ orúkọ Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn ín lókè òkun, òmíràn ń jẹ́ Makurdi. Akọ 1, abo 3. Ó ń fò: ihò tó gba ìka ọwọ́ nínú ìdérí, ó gba gardneri. Ìdin ẹ̀fọn ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Èyí tó bá wà nínú omi òjò tó mọ́ ni kó o máa fi àwọ̀n bù, má bù ú nínú gọ́tà.

Bó bá jẹ́ guppy lo ṣì fẹ́, akọ nìkan, 8. Abo kan ń bí bíi 20 sí 40 ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì lè máa bímọ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí akọ ti kúrò.

Yáraṣe

Ọjọ́ tí ẹja bá dé, fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ máa kán omi táǹkì sínú ọ̀rá rẹ̀ fún wákàtí kan. Ìyẹn ò lè burú.

OmiTòrò

Ó lè burú o. Ó dára fún ẹja tó wá láti ṣọ́ọ̀bù tòsí. Ẹja tó ti lo wákàtí 10 nínú ọ̀rá yàtọ̀: èémí rẹ̀ ti sọ omi ọ̀rá di kíkan, amóníà sì ti kó jọ síbẹ̀. Nínú omi 28°C, bí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá 1 nínú 100 amóníà tó jẹ́ èyí tó ń pa ẹja. Ní pH 8, ó lé ní 6. Bí ẹ bá tú ọ̀rá, gáàsì á jáde, pH á gòkè, ẹja á wà nínú májèlé fún wákàtí kan gbáko. Fún irú èyí, ẹ gbé ọ̀rá lé ojú omi fún ìṣẹ́jú 20 láìtú u, ẹ tú u, ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja sínú táǹkì kíákíá. Omi ọ̀rá ò gbọdọ̀ wọ táǹkì, èyí ó wù kó jẹ́.

Ẹjawẹ́wẹ́

Ọjọ́ 19. Amóníà 0.25, náítíráìtì ti kọjá 5, omi ìdánwò rẹ̀ dúdú, ṣé ẹ mọ̀, àwọ̀ àlùkò gan-an ni. pH bọ́ láti 7 sí 6.2. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó ti dúró sójú kan. Ṣé mo ti bà á jẹ́?

OmiTòrò

Rárá. Iṣẹ́ bakitéríà yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ KH. Nínú omi bọ́hòlù tí kò ní púpọ̀, ó tètè ń tán, pH á ré, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹ wọn KH, ẹ ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ẹ yọ lítà 25, ẹ fi omi tí ẹ ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dípò, pẹ̀lú sódà ṣíbí tíì kan fún gbogbo lítà 50. Ẹ fi karawun ìgbín kún èyí tó wà níbẹ̀. Bí kò bá tíì sí ẹja, kò sí ewu nínú kí pH gòkè lójijì.

BàbáKànìnkànìn

Kó o sì wá ìdérí ṣe nísinsìnyí, bí gardneri bá ló wù ọ́. Gíláàsì 4 mm, kó o gé igun kan díẹ̀ fún rọ́bà afẹ́fẹ́, kó o fi kànìnkànìn dí ihò tó bá ṣẹ́kù.